ÌRAN BAGAUDA TI KÚRÒ LÓRÍ OYÈ, ILÉ TÍ RUMFA KỌ́ ṢÌ Ń JỌBA NÍ KANO

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé Yorùbá ni ó ní ẹni tí ó ti gbé ìlú Kano rí. Àwọn kan tìtorí obì lọ, àwọn kan bá iṣẹ́ ìjọba lọ, àwọn kan sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi rí ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò, ni púpọ̀ nínú wọn mọ̀ jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Kano gan-an gbọ́dọ̀ wọ inú odi àtijọ́ lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn àwọn ọba Haúsá wà, ìtàn tí ó ti wà kí òyìnbó kankan tó tẹ ilẹ̀ náà.

Ọ̀nà Kofar Mata ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ó ń ti Sabon Gari bọ̀. Kofa ni àwọn Haúsá ń pe ẹnubodè. Nítòsí ẹnubodè yìí ni àwọn kòtò aró wà, àwọn kòtò roboto tí ó jìn, tí àwọn ọkùnrin ń ri aṣọ bọ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé láti ọdún 1498 ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Aláró Abẹ́òkúta tàbí ti Òṣogbo tí ó bá dé ibẹ̀ yóò mi orí. Obìnrin ni ó ni iṣẹ́ aró ní ilẹ̀ wa, inú ìkòkò ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ní Kano, iṣẹ́ ọkùnrin ni, inú ilẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Bí a bá tẹ̀síwájú lọ́nà yìí, a ó kan mọ́sálásí ńlá, a ó sì dé ààfin ọba. Gidan Rumfa ni orúkọ ààfin náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Ilé Rumfa. Ilẹ̀ tí ó gbà lé ní 30 éékà, odi amọ̀ gíga sì yí i ká. Muhammadu Rumfa tí ó kọ́ ọ gun orí oyè ní 1463, ó sì wàjà ní 1499. Ohun tí ó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé láti ọdún 1807, kò sí ọmọ ìran Rumfa kan tí ó jọba nínú ilé náà. Àwọn tí ó lé ìran rẹ̀ kúrò lórí oyè ni wọ́n jogún ilé rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní olónìí. Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀?

ÌRAN BAGAUDA

Ìwé ìtàn àwọn ọba Kano wà, èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́. Palmer, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní 1908. Ìwé náà sọ pé kí ọba tó wà, orí òkè Dala ni ìjọ ènìyàn wà, àti pé alágbẹ̀dẹ tí ó ń wá òkúta irin wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dé agbègbè náà. Ọdẹ kan tí ń jẹ́ Barbushe ni olórí wọn, òun sì ni àwòrò òrìṣà wọn. Lẹ́yìn náà ni Bagauda dé, ọmọ-ọmọ Bayajidda. Bí a ti ń ka àwọn ọmọ Odùduwà tí wọ́n tẹ ìlú dó ní ilẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Haúsá ń ka àwọn ọmọ Bayajidda. Ọdún 999 ni ìwé náà fi sí ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Bagauda. Àwọn onímọ̀ ìtàn kì í fi gbogbo ara gbé àwọn ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé ìran náà pẹ́ lórí oyè.

Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Gijimasu ni ó bẹ̀rẹ̀ odi ìlú, Yusa tí wọ́n ń pè ní Tsaraki ni ó parí rẹ̀. Ní ìgbà Yaji, láàárín 1349 sí 1385, àwọn Wangarawa ti Màlì wá, wọ́n sì mú ẹ̀sìn Ìsìláàmù dání. Ní ìgbà Kanajeji, láàárín 1390 sí 1410, ni àwọn jagunjagun Kano bẹ̀rẹ̀ sí dé akoro irin, tí wọ́n sì ń fi aṣọ tí a kì nípọn dáàbò bo ẹṣin. Nínú ìtàn ìgbà Dauda, tí ó jọba láàárín 1421 sí 1438, ni ìwé náà ti dárúkọ Amina, akọni obìnrin Zaria, tí ọba Nupe fi ìwẹ̀fà 40 àti obì 10,000 ránṣẹ́ sí. Àwa tí a fi obì gbàǹja ṣòwò pẹ̀lú Kano ní ayé ojú irin lè ti ibẹ̀ mọ̀ bí ìfẹ́ obì ti pẹ́ tó ní ilẹ̀ Haúsá. Lẹ́yìn Dauda ni Abdullahi Burja jẹ, ìgbà tirẹ̀ ni ọ̀nà òwò là láti Bornu dé Gwanja, tí ràkúnmí sì di ohun tí wọ́n ń rí ní Kano.

OHUN TÍ RUMFA ṢE

Ìgbà tí Rumfa yóò fi jẹ, òwò ti kún ìlú. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fún ọrọ̀ náà ní ilé tí yóò máa gbé. Ó kọ́ ààfin tuntun, ó fẹ odi ìlú sẹ́yìn, ó sì dá ọjà Kurmi sílẹ̀. Ó yan ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́sàn-án, Tara ta Kano, láti máa bá a ṣe ìlú, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀yọ́ ti ní àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì. Òun ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ lo fèrè kàkàkí àti abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́ ògòǹgò, òun sì ni ó bẹ̀rẹ̀ ìrun Yídì ní gbangba. Al-Maghili, àfáà ńlá láti Tlemcen ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí, wá sí Kano ní ìgbà rẹ̀, ó sì kọ ìwé fún un lórí bí ó ti yẹ kí ọba ṣàkóso.

Kì í ṣe pé ọba náà kò ní àléébù o. Ìwé kan náà sọ pé 1,000 ìyàwó ni ó kó jọ, àti pé òun ni ó bẹ̀rẹ̀ àṣà kulle, èyí tí í ṣe kí a há obìnrin mọ́ inú ilé. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ìlú, kò sí ọba Kano àtijọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ hàn lára ìlú náà tó tirẹ̀.

BÍ OYÈ ṢE BỌ́ LỌ́WỌ́ WỌN

Ohun tí ọba kan kọ́, ọba mìíràn lè fi ojúkòkòrò bà á jẹ́. Kumbari, tí ó jọba láàárín 1731 sí 1743, gbé owó orí tí ó wúwo ka ọjà Kurmi, títí ọjà náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Àwọn Lárúbáwá oníṣòwò kó lọ sí Katsina, àwọn tálákà sì sá lọ sí abúlé. Ọjà kì í fi agídí kún. Nígbà tí jíháàdì Usman dan Fodio yóò fi dé ilẹ̀ Haúsá ní 1804, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn sí àwọn ọba wọn mọ́. Alwali, ọba 43 nínú ìwé náà, sá fi ìlú sílẹ̀ ní 1807, wọ́n sì pa á ní Burumburum. Ìran tí ó ti lo ọdún tí ó lé ní 800 lórí oyè parí síbẹ̀.

Suleiman ni ọba àkọ́kọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní. Ìwé ìtàn náà sọ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó wọ ààfin, ilé ìjòyè kan ni ó ń gbé. Ọ̀kan nínú àwọn ará ìlú tí ó ṣẹ́kù ni ó là á lójú pé bí kò bá wọ Gidan Rumfa, kò tí ì di ọba ìlú àti ti ìgbèríko. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Idà ti gba ìlú, ṣùgbọ́n idà nìkan kò fi ènìyàn jọba. Ilé tí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun kọ́ ni yóò sọ aṣẹ́gun di ọba.

Ọ̀rọ̀ náà kò tí ì yí padà. Ìran Ibrahim Dabo, tí ó jẹ ní 1819, ni ó ń jọba ní Kano láti ìgbà náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọ́ odi wọlé ní oṣù kejì 1903, síbẹ̀ ọba tí wọ́n fọwọ́ sí, inú Gidan Rumfa ni wọ́n fi í sí. Ní 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ pín ilẹ̀ ọba Kano sí márùn-ún. Ní 2020, wọ́n yọ Muhammadu Sanusi Kejì, wọ́n sì fi Aminu Ado Bayero jẹ. Ní oṣù karùn-ún 2024, ilé aṣòfin fagi lé òfin náà, Sanusi sì wọ Gidan Rumfa lóru. Nígbà tí Aminu náà padà sí ìlú, ààfin kékeré ní Nassarawa ni ó dé sí. Bí ẹjọ́ ti ń lọ ní kóòtù, ohun tí gbogbo Kano ń bi ara wọn ni pé ta ni ó wà nínú ilé Rumfa.

ODI TÍ Ń WÓ

Ààfin rí olùtọ́jú, nítorí ọba ń gbé inú rẹ̀. Odi ìlú kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Clapperton dé Kano ní 1824, ẹnubodè 15 ni ó kà. Ní 1959, ìjọba kéde odi náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 2007 ó sì wọ orúkọ àwọn ohun tí UNESCO lè gbà sí àkójọ ogún àgbáyé. Ṣùgbọ́n òjò ń fọ̀ ọ́ lọ, àwọn ènìyàn ń wa amọ̀ rẹ̀ lọ fi mọ ilé, ṣọ́ọ̀bù sì ń hù níbi tí yàrà wà. Ní ibòmíràn, òkìtì lásán ni ó kù.

Kí àwa má fi Kano rẹ́rìn-ín. Eredo Sungbo wà ní Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú igbó, mélòó nínú wa ni ó ti dé ibẹ̀ rí? Ohun tí Kano kọ́ wa ni pé ẹ̀jẹ̀ ọba lè gbẹ lórí oyè, kí ilé àti ọjà àti ìgbìmọ̀ tí ó dá sílẹ̀ sì máa bá ayé lọ, bí àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn bá ń tún un ṣe. Bí wọn kò bá tún un ṣe, òjò ọdún mélòó kan tó láti pa iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọba rẹ́. Ẹni tí ìrìn-àjò bá gbé dé Kano, kí ó má mọ sí Sabon Gari. Kí ó gba Kofar Mata wọlé lọ wò ó, nígbà tí nǹkan ṣì kù tí ojú lè rí.