Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kà fún wa

Ta ló rántí Final Fantasy VII nínú yín? Géèmù PlayStation tó jáde ní 1997, tí àwo rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta.

Ní 1999, àwa mẹ́ta ọmọ ìyá kan là ń ṣe é ní Kétu. Ẹ̀gbọ́n wa nìkan ló gbọ́ Faransé dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ bá ti yọ lójú télé, á kà á, á sì sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá. Kí àwo kìíní tó parí, Sephiroth fi idà gún Aeris, Cloud gbé e sínú omi. Àwa méjì bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n wa ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lọ sinmi ni, pé yóò padà. A retí rẹ̀ títí àwo kẹta fi tán.

Lóṣù tó kọjá, àwa méjì tún un ṣe. A ti gbọ́ Faransé báyìí. A kà á látòkè délẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

A pe ẹ̀gbọ́n wa lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, irọ́ lẹ pa fún wa!" Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó ní, "Ọdún yẹn la sin Màmá. Ẹ ṣì kéré. Ṣé kí n tún wá sọ fún yín pé ẹlòmíì kú ni?"

A ò rí èsì fọ̀. "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n" nìkan la lè sọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ka tiyín fún yín?