Orúkọ Nínú Ìwé Ilé-Ẹjọ́

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dárí ji Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ọdún 1913 ni ilé-ẹjọ́ amúnisìn dá a lẹ́bi ní Èkó pé ó ṣe owó ogún tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ báṣubàṣu. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀bi yẹn, òun fúnra rẹ̀ kò lè du ipò. Ó kú ní 1946. Nígbà tí ó yá, a tẹ àwòrán rẹ̀ sára náírà kan (owó tí a kò rí ná mọ́), ẹ̀bi náà sì wà nínú ìwé síbẹ̀!

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí léèrè pé, “Sà, ṣé a máa ń dárí ji aláìṣẹ̀ ni?” Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Ìdáríjì kì í ṣe ìparẹ́; ẹni tí ó jẹ̀bi ni à ń dárí jì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta nígbà tí ó wà ní ọmọ ogún ọdún. Ó ti di baba ọmọ mẹ́rin báyìí, síbẹ̀ fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ṣì ń bi í bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Kò bẹ̀bẹ̀ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; ó ti jìyà rẹ̀ tán. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ìwé náà dákẹ́, nígbà tí òun ṣì wà láàyè.