Mo Pa Alárinà, Mo Ń Retí Ọmọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Èmi tí mò ń fi kálàmù jẹun, tí mo máa ń gba àwọn ará ìlú nímọ̀ràn nínú ìwé ìròyìn, ọwọ́ ara mi ni mo fi ba oko ìyàwó mi jẹ́ lọ́dún tó kọjá, láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ̀yìn ilé wa ní Mọ́níyà ni oko náà wà, plọ́ọ̀tì kan péré. Ìyá Ìbejì gbin ẹ̀gẹ́ sí i, ó fi egúsí bàrà sáàárín rẹ̀. Owó egúsí yẹn la fẹ́ fi kún owó ilé-ìwé àwọn ìbejì, tí wọ́n fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdìrì lóṣù kẹsàn-án. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé ìbejì, méjì-méjì la máa ń ra ohun gbogbo.

Nígbà tí egúsí ń tanná, mo rí àwọn kòkòrò pupa kéékèèké tí wọ́n ń dá ewé rẹ̀ lu bí asẹ́. Inú bí mi. Mo ra oògùn apakòkòrò lọ́jà, mo yá páǹpù tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn lọ́wọ́ aládùúgbò. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, mo wọ oko. Mo fọ́n ọn sí ewé, mo fọ́n ọn sí òdòdó, mo fọ́n ọn sí ohun gbogbo tó ń fò. Oyin ń já bọ́ láti inú òdòdó, èmi ń kọrin. Ṣebí kòkòrò ni gbogbo wọn?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, egúsí tutù yọ̀yọ̀. Ewé pọ̀, òdòdó pọ̀, ṣùgbọ́n bàrà ò sí. Òdòdó á là láàárọ̀, á rọ, á já dànù. Ìyá Ìbejì wò mí, ó ní, “Bàbá Ìbejì, kí lẹ ṣe sí egúsí mi?” Mi ò rí èsì fọ̀.

Bàbá àgbẹ̀ kan wà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, iwájú ilé wa ni wọ́n ń gbà lọ sóko. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi wò ó. Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n já òdòdó méjì.

“Akọ̀wé, wo èyí. Kò ní nǹkan nídìí, akọ ni. Èyí tó ní bàrà kékeré bí ìlẹ̀kẹ̀ nídìí, abo ni. Akọ kì í rìn lọ bá abo. Oyin ló ń gbé àtíkè ara akọ lọ fún abo. Òun ni alárinà wọn. Ìwọ wá pa alárinà, o ń retí ọmọ!”

Bàbá kọ́ mi bí a ṣe ń já akọ òdòdó ní kùtùkùtù, kí a bó ewé rẹ̀ kúrò, kí a fi pa inú abo. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ oyin. Orúnkún ni mo fi ń rìn láàárín egúsí, ẹ̀yìn ń ro mí, àwọn ará àdúgbò ń fi mí rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ tí kì í gbowó ni mo pa.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, mo rí ilé agbọ́n lábẹ́ òrùlé ilé ìdáná. Mo fẹ́ fi iná sun ún. Bàbá pariwo: “Fi í sílẹ̀! Kòkòrò tó ń rákò lórí ẹ̀fọ́ yín ló ń gbé lọ fún ọmọ rẹ̀ jẹ. O ò mọ̀ pé agbọ́n ló gba gàrí sílẹ̀ fún wa?”

Mo rò pé àwàdà ni. Wọ́n nawọ́ sí ẹ̀gẹ́, wọ́n ní ní nǹkan bí ọdún 1980, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ká kò bí ìkúùkù ọmọ tuntun, ó funfun bí ẹni pé wọ́n da láfún sí i. Ewé gbẹ, ẹ̀gẹ́ ò ta dáadáa, àgbẹ̀ ò tún rí igi tó dára gbìn.

Akọ̀ròyìn ni mí, mo wádìí ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò funfun náà ti wá, bí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1973 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Kóńgò, kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Abo ni gbogbo wọn, wọn ò nílò akọ kí wọ́n tó bímọ, wọn ò sì ní ọ̀tá níbí. Ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tó wà lọ́nà Ọ̀yọ́ láàárín Ọ̀jọ́ọ̀ àti Mọ́níyà, Hans Herren, ọmọ Switzerland, ní kí wọ́n lọ wá ohun tó ń pa á jẹ nílé rẹ̀. Paraguay ni wọ́n ti rí i: agbọ́n kan tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ, tí kì í ta èèyàn. Inú kòkòrò funfun ló ń yé sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlú Òyìnbó, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1981. Nígbà tó yá, wọ́n tilẹ̀ ń fi bàálù tú u sílẹ̀. Ó dé orílẹ̀-èdè tó lé ní ogún ní Áfíríkà. Ní 1995, wọ́n fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé. Nígbà tí kòkòrò yìí kan náà dé Thailand ní 2008, ọ̀dọ̀ IITA ní Kútọnu ni wọ́n ti kó agbọ́n lọ ní 2009.

Èyí ò wí pé gbogbo kòkòrò lọ̀rẹ́. Tata kì í ṣojú àánú sí ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá ní inú ilẹ̀ lábẹ́ ibòji ló ń yé sí. Bí a bá hú ẹyin náà síta kí oòrùn pa á, kò sí oògùn tí a fẹ́ rà.

Nígbà tí a kórè, rọ́bà pẹ́ńtì kan ò kún. Mẹ́ta la rí lọ́dún tó ṣáájú. Ìyá Ìbejì ò bá mi jà. Ó kàn gbé egúsí náà síwájú mi, ó ní, “Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n.” Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni mo ti yá owó ilé-ìwé. Mo ṣì ń san án.

Lọ́dún yìí, àwọn ìbejì ló ń fọwọ́ ṣa kòkòrò pupa sínú omi ọṣẹ láàárọ̀. Bí oògùn bá tilẹ̀ di dandan, ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí oyin bá ti lọ sílé, kò sì gbọdọ̀ kan òdòdó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọgbà lẹ́yìn ilé, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó pa kòkòrò, ẹ kọ́kọ́ wádìí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó jókòó kọ èyí, a gbọ́ ìró oyin láàárín egúsí. Ìyá Ìbejì wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Ìbejì, àwọn alárinà ti dé. Ẹ jókòó sílé o.”