Ta Ni Yóò Wò Ó?

Nínú ilé wa, ẹni tó ń san owó tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló ń wò ó. Èmi ni mò ń san án. Nígbà tí mo bá fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo wẹ̀, tí mo jẹun, ìròyìn alẹ́ nìkan ló kù fún mi, oorun a sì ti gbé mi lọ kí wọ́n tó dé orí eré ìdárayá. Màmá mi, tó ń bá wa gbé, ló ni ọ̀sán. Àwọn ọmọ ló ni ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó mi ní tòun, òun ò ráyè tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ bí eré bá ti ń dùn, iwájú rẹ̀ náà ló ti máa ń já ẹ̀fọ́.

Mo sọ èyí nítorí pé nígbà tí dékódà wa àtijọ́ kú, tí a fẹ́ ra òmíràn, ohùn ẹni tó ń sanwó ló ròkè jù. Díìṣì náà ni mo tún fẹ́, nítorí bọ́ọ̀lù. Ìyàwó mi ní ká ra èyí tó ń lo áńtẹ́nà, pé owó oṣù rẹ̀ fúyẹ́. Àkọ́bí wa ní kí la tún ń fi dékódà ṣe láyé tí YouTube wà. Màmá dákẹ́ títí a fi sọ tẹnu wa tán, wọ́n wá bi mí pé, "Àjàní, èwo ni wọ́n ti ń ṣe eré Yorùbá nínú ẹ̀?" Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. A tún ń bá àríyànjiyàn wa lọ.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà, àárín wáyà àti díìṣì ni wọ́n ti ń ṣa èyí tó wù wọ́n: ilé-iṣẹ́ kan á fa wáyà wọ inú ilé, èkejì á kan díìṣì mọ́ ògiri. Ní Ìbàdàn níbí, kò sí wáyà tẹlifíṣọ̀n tó gba àdúgbò wa kọjá. Lóòótọ́, "kébù" la ń pe gbogbo rẹ̀, a máa ń ní "owó kébù ti tán", àmọ́ ojú afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà wọlé. Ohun tó wà níwájú wa ni díìṣì tó ń gba àwòrán láti ojú ọ̀run, bíi ti DStv, àti áńtẹ́nà tó ń gbà á láti orí òpó tó wà nínú ìlú, bíi ti GOtv. StarTimes ní oríṣi méjèèjì.

Wáyà ti wọ ilé rí ṣá, kí tẹlifíṣọ̀n tó dé. Rediffusion ni. Ọdún 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ l'Ékòó, ó dé Ìbàdàn ní 1939. Wọ́n á fa wáyà láti ibùdó wá sí ilé ẹni tó bá ń san owó oṣù, wọ́n á so àpótí kan mọ́ ògiri, àpótí náà á sì máa sọ̀rọ̀. Kò sí pé o fẹ́ yí i sí ibòmíràn. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lo máa gbọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa ń pè é. Nígbà tó di ọjọ́ 31, Oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, kò sí ọ̀rọ̀ wáyà mọ́. Ẹni tó bá ti lágbára àtira tẹlifíṣọ̀n, tó sì gbé áńtẹ́nà sókè, ti rí i wò, tòun ti gbogbo ọmọ àdúgbò tó bá rọ̀ mọ́ fèrèsé rẹ̀.

Áńtẹ́nà yẹn ni wọ́n fi tọ́ irú wa dàgbà. Orí ọparun ni wọ́n ń so ó mọ́. Ẹnì kan á wà nídìí ọparun lẹ́yìnkùlé, á máa yí i, ẹlòmíràn á wà lójú fèrèsé, á máa pariwo: "Ó ti ń bọ̀! Ó ti dé! Áà, o ti yí i kọjá, dá a padà!" Ẹni tó di ọparun mú kì í rí Baba Sálà aláwàdà wò títí eré á fi parí, nítorí bó bá ti fọwọ́ sílẹ̀ báyìí, àwòrán á tún dàrú. Èmi ni àbíkẹ́yìn nílé wa. Ẹ mọ ẹni tó máa ń wà nídìí ọparun.

Díìṣì kò ní wàhálà ọparun. Onídíìṣì á gbé e sórí òrùlé, á wá ibi tí àmì ti lágbára jù, á dè é pa, ó parí. Sátẹ́láìtì tí díìṣì kọjú sí kì í kúrò lójú kan ni. Ó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè ìlà agbedeméjì ayé, ó ń bá ayé yí déédéé, nítorí náà bí a bá wà n'Íbàdàn tí a ń wò ó, ńṣe ló dúró gbagidi. Èyí tí DStv ń lò fún wa wà lápá ìlà-oòrùn. Ẹ gun òkè Mápó, kí ẹ wo àwọn páànù ìlú: ọ̀pọ̀ jù lọ díìṣì tó wà lórí wọn ló kọjú síbì kan náà bí àwọn tó fẹ́ kírun.

Ìlà-oòrùn yìí náà ni òjò ńlá wa ti máa ń ṣú bọ̀, pàápàá òjò oníjì tó máa ń ṣí ọ̀nà fún ìgbà òjò. Ìgbì tó ń gbé àwòrán wá sínú díìṣì kúrú gan-an, ó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹ̀kán òjò sì máa ń gbé e mì. Bí òjò bá ti dúró dúdú lọ́hùn-ún báyìí, àwòrán lè já kí ẹ̀kán kan tó kan páànù tiwa. Nígbà tí à ń lo díìṣì, Màmá ti mọ̀ ọ́n. Bí eré bá já lójijì lọ́sàn-án, wọn kì í bínú sí dékódà. Wọ́n á pe ọmọ tó bá wà nítòsí pé kó lọ ká aṣọ lórí okùn. Aṣọ wa kì í sábà rẹ nígbà náà.

Áńtẹ́nà kò bẹ̀rù òjò tó bẹ́ẹ̀, òkè ló ń bẹ̀rù. Ohun tó bá dúró láàárín ilé rẹ àti òpó tó ń fi àwòrán ránṣẹ́, ìbáà jẹ́ òkè, ìbáà jẹ́ ilé alájà mẹ́rin tí aládùúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, lè gé e. Ìbàdàn kì í sì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ilé méjì lè wà lójú títì kan náà, kí ọ̀kan máa rí àwòrán tó mọ́ kedere, kí èkejì tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa rí ojú òṣèré tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló sì ní ibi tó mọ. Bí ẹ bá ti jáde nílùú, tí ẹ forí lé ọ̀nà oko, kò ní pẹ́ tí á fi pòórá. Ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́lé sí abúlé lẹ́bàá Ìsẹ́yìn kò ní nǹkan tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn lé lórí: díìṣì ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n máa gbọ́ rédíò.

Owó wá ńkọ́? Nígbà tí DStv fowó kún owó oṣù ní Oṣù Kẹta 2025, ètò Compact wọn di ₦19,000, ètò Premium di ₦44,500. Owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́, tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, jẹ́ ₦70,000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: Premium ti jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ kí wọ́n tó ra gààrí. (Ní 2025 yẹn kan náà ni Canal+ ti ilẹ̀ Faransé, tí àwọn ará Kùtọnu àti Àjàṣẹ́ ti mọ̀ tipẹ́, gba àkóso MultiChoice tó ni DStv àti GOtv. Bóyá ọ̀gá tuntun á ṣàánú wa.)

Síbẹ̀, iye owó yẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Ọjọ́ ló ń dùn mí. Láti ọjọ́ tí o bá ti sanwó ni oṣù ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, iná ìbáà wà, iná ìbáà má sí. Bí tíráńsífọ́mà àdúgbò bá jó, tí gbogbo wa wà lókùnkùn títí tí wọ́n fi dá owó, tí wọ́n fi bẹ àwọn oníná, tí wọ́n fi gbé òmíràn wá, kò sẹ́ni tó máa dá ọjọ́ yẹn padà fún ọ. Àtìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kò sẹ́ni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé nítorí eré mọ́ ládùúgbò wa, àfi olówó tàbí ẹni tó ń ṣe ìnáwó. Bí owó oṣù bá ṣe pọ̀ tó ni òkùnkùn ṣe ń jẹ nínú rẹ̀ tó. Ẹni tó sanwó Premium tí iná rẹ̀ kò tó nǹkan lóòjọ́, owó àwòrán tí kò rí ló san. Níbi tí èrò mi dé yìí ni ohùn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Bọ́ọ̀lù nìkan ló kù tí mo lè fi gbèjà díìṣì. Bọ́ọ̀lù náà kì í sì í ṣe ohun téèyàn lè gbọ́kàn lé. Ní 2007, HiTV, ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gba ẹ̀tọ́ àtifi ìdíje Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù sì ya lọ ra dékódà rẹ̀. Nígbà tó di 2010, ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilé-iṣẹ́ ọ̀hún fi kógbá sílé. Mo ti rí díìṣì àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ sókè tí wọ́n ń sá ata sínú rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń ná ẹ̀tọ́ bọ́ọ̀lù ní Lọ́ńdọ̀nù ni dékódà rẹ wà, o kàn gbé e sílé ni.

Kí n tiẹ̀ sọ òótọ́, bọ́ọ̀lù tí mo bá dá wò nílé kì í dùn tó èyí tí a jọ wò ní ilé ìwòran tó wà ní ìkóríta wa. Níbẹ̀, o san owó táṣẹ́rẹ́, o jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ará Arsenal ń bú ará Chelsea, ẹnì kan tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé ẹ̀ ń kọ́ olùkọ́ni níṣẹ́. Bí wọn kò bá rí iná NÉPÀ, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, owó epo wà nínú owó tí a san. Nílé, bí mo bá pariwo "Góòlù!", Màmá á ní, "Kí ló dé? Ta ló ṣubú?"

Ìgbà yẹn ni ìbéèrè Màmá tó padà wá sí mi lọ́kàn. Ìkànnì Africa Magic Yorùbá wà lórí DStv, ó wà lórí GOtv. Orísun wà lórí StarTimes. A jẹ́ pé èwo la bá rà, eré Yorùbá wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí orúnkún kò ti jẹ́ kí Màmá lọ sọ́jà Dùgbẹ̀ mọ́, àwọn òṣèré yìí ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ títí tí àwọn ọmọ fi ń ti ilé-ìwé dé. Wọ́n ń kìlọ̀ fún wọn: "Má mu ún! Májèlé ló bù sínú ẹ̀!" Wọ́n ń bá ìyálé jà, wọ́n ń gbé sẹ́yìn ìyàwó, lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún yí padà. Tí owó oṣù bá tán lọ́jọ́ Ajé, èmi lè má mọ̀ títí di ọjọ́ Sátidé. Màmá á ti mọ̀ kí tíì òwúrọ̀ wọn tó tutù, wọn kò sì ní sọ, torí pé wọ́n mọ̀ pé owó kò sí.

Àkọ́bí ní YouTube. Kò parọ́: eré Yorùbá kún ibẹ̀ bámúbámú, àwọn òṣèré fúnra wọn ló ń gbé e síbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n dátà kì í pẹ́ tán, ojú fóònù sì kéré fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. FreeTV náà wà, ètò tí ìjọba fi ń kó wa kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ bọ́ sórí oní-dígítà láìsí owó ńlá: Oṣù Kẹfà 2015 ló yẹ kó ti parí, ó bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní 2016, ó dé Òṣogbo ní 2018, Èkó ní 2021. Èmi kò lè ní kí Màmá máa dúró dè é.

Áńtẹ́nà la rà. Onídíìṣì tó wá so ó kò fẹ́ gbà. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o, irú ilé yín yìí, díìṣì ló yẹ ẹ́." Èrè tó wà nídìí díìṣì pọ̀ fún un, èyí yé mi. Àmọ́ ó tún ń sọ nǹkan mìíràn: ará àdúgbò máa ń rí díìṣì lókè, kò sẹ́ni tó ń rí áńtẹ́nà. Díìṣì tó wà lójú páànù wa tí kò sẹ́ni tó sanwó rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò níye. Wọ́n kàn wà níbẹ̀ kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ pé onílé ti ṣe é rí. Kí ó tó kan irin mọ́ ògiri, mo ní kó gbé áńtẹ́nà káàkiri ilé ná. Ẹ̀yìn yàrá Màmá ni àwòrán ti mọ́ jù.

Ohun tí à ń rí ṣẹ́ kù nínú owó díìṣì la fi ra bátìrì àti sólà kékeré kan. Tẹlifíṣọ̀n àti dékódà kì í fa iná púpọ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ lọ́sàn-án, eré Màmá ò dúró. Mo gbà pé iná ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ rà, kó tó ra ìkànnì.

Ẹ̀yin náà tí ẹ fẹ́ ra tiyín, ẹ lọ wo ohun tó wà lórí òrùlé aládùúgbò yín, kí ẹ sì bi í bóyá ó ń ríran dáadáa. Ẹ má pe onídíìṣì kí ẹ tó bi ẹni tó máa ń wà nílé lọ́sàn-án léèrè ohun tó fẹ́ wò. Bó bá sì jẹ́ pé abúlé lẹ wà, ẹ ra díìṣì, ẹ má fi owó áńtẹ́nà ṣòfò.