Èmi àti Ọ̀rẹ́ Mi ní Igbó Ọ̀ṣun

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ ń kọ kóòdù níbi iṣẹ́ ní Toronto. Ará Japan ni àwọn òbí ẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, ó ní òun á bá mi lọ. Òun náà ló sọ pé ká dé Òṣogbo, torí ó ti kà á pé UNESCO fi Igbó Ọ̀ṣun kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Èmi ọmọ Yorùbá, mi ò débẹ̀ rí.

Mo pe màmá mi ní Brampton. "Kí lo fẹ́ lọ ṣe nídìí òrìṣà? Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ti tán ní Ìbàdàn ni?" Mo ní ère la kàn fẹ́ lọ wò, mà. (Irọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀.)

Lẹ́nu ọ̀nà igbó náà, ọ̀rẹ́ mi dúró, ó tẹrí ba kó tó wọlé. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ ní ojúbọ Fushimi Inari ní Kyoto: wàá tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà, wàá fọwọ́, wàá fọ ẹnu, kóo tó súnmọ́ iwájú. Òun gan-an kì í ṣe ẹlẹ́sìn. Ó ní àwọn ẹbí òun máa ń lọ sójúbọ lọ́dún tuntun, tí ẹnìkan bá kú, wọ́n á sin ín nílànà ẹlẹ́sìn Búdà, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn jà. Èmi ńkọ́? Ọwọ́ mi wà nínú àpò. Orí fóònù àti YouTube ni mo ti kọ́ Yorùbá. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ mi ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yẹn.

Bọ̀dá tó ń mú wa kiri fi àwọn ère Susanne Wenger hàn wá, ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Ó ní ọba Láròóyè fún odò lóúnjẹ, ẹja jáde, ó tẹ́wọ́ gbà á. Ibẹ̀ ni Àtáọ́ja ti wá: atẹ́wọ́gbẹja. Omi odò náà pọ́n bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ó ní àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ló bà á jẹ́, ká má mu ún o.

Ó wá bi mí: "Orúkọ ìdílé yín ńkọ́, sà?"

"Olúgbèmí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí mo rí ìwé ẹ̀rí bàbá bàbá mi nínú àpótí dádì mi. Nígbà tí mo bèèrè, dádì ní "ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn," wọ́n sì pa àpótí dé.

"Ọ̀ṣúngbèmí," mo ní. Mi ò sọ ọ́ síta rí.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ló kàn sọ, ó ń lọ níwájú.

Mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ mi, ọmọ ọdún 6 tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ. Ó ti fi máákà kọ Ọ̀ṣúngbèmí sára fíríìjì wa, gàdàgbà gadagba. Dádì mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mi ò tíì nù ún kúrò.