Ẹ̀rọ Tí Ń Wá Irin, àti Ẹ̀yìnkùlé Agbẹ̀dẹ Kan ní Kétu

Ní agbo ilé àwọn alágbẹ̀dẹ kan ní Kétu, ìtàn kan wà tí àgbà ń fi lé àgbà lọ́wọ́. Wọ́n ní ní ọdún 1886, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ ja ìlú náà, tí odi àti yàrà kò lè gbà á sílẹ̀ mọ́, baba ńlá ilé náà kó owú rẹ̀, ẹ̀mú rẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ mẹ́rin sínú ìkòkò, ó sì rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn agbẹ̀dẹ. Àwọn ọ̀tá sun ìlú, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ. Nígbà tí agbára Dànhọ̀mẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé, tí àwọn tí ó ṣẹ́kù padà wá tún Kétu tẹ̀ dó, baba náà kò sí lára wọn. Ọmọ rẹ̀ kan ni ó padà. Ó mọ̀ pé ẹ̀yìn agbẹ̀dẹ ni ìkòkò náà wà. Kò mọ ojú ibẹ̀ gan-an.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rọ ọkọ́ àti àdá níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀ náà wò. Wọ́n ní ẹni tí baba bá fẹ́ ni yóò rí i.

Ọmọ ilé náà kan wà tí ó ń wa bọ́ọ̀sì ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó wá sílé fún ìrántí ikú bàbá rẹ̀, ó gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ilé fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù márùn-ún sí ẹ̀yìnkùlé agbẹ̀dẹ, nítorí pé ọ̀nà ọlọ́kọ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ọkọ́ tí wọ́n ń kó wọ̀lú láti òkè òkun kún ọjà, owó rẹ̀ kò wọ́n, agbẹ̀dẹ kò sì bọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀ bá dé, wọn yóò da sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí ó jẹ́ olórí ilé, kò bá wọn jiyàn. Ó kàn fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀ lẹ́bàá pèrègún, ó ní, "Níhìn-ín ni wọ́n fi hàn mí nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi hàn mí, wọ́n fi han òun náà ni."

Ọkùnrin náà padà sí Kent pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn. Ó ti máa ń rí àwọn ènìyàn tí ń gbé ẹ̀rọ awárin káàkiri oko ní òpin ọ̀sẹ̀, ó sì pinnu láti ra ọ̀kan. Pọ́n-ùn 250 ni ó lè yọ sílẹ̀ láì fi owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré.

Ọjà ẹ̀rọ wọ̀nyí lè da orí ẹni tuntun rú. Ó rí èyí tí a ń tà ní 40 pọ́n-ùn, ó sì rí èyí tí owó rẹ̀ ju 1,000 lọ. Ẹni tí ó la ojú rẹ̀ ni awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Gẹ̀ẹ́sì àgbàlagbà tí ó ti ń ṣe eré yìí láti ìgbà èwe. Ó ní kí ó má tíì béèrè iye owó. Kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń wá, àti irú ilẹ̀ tí ó ti fẹ́ wá a.

Ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà ṣiṣẹ́ jọra. Awo yíká kan wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀rọ, wáyà bàbà sì ká sínú rẹ̀. Iná bátìrì ń gba inú wáyà náà, ó ń ran agbára òòfà wọ inú ilẹ̀. Bí agbára yìí bá kan irin, idẹ tàbí fàdákà, ohun náà yóò dá tirẹ̀ padà, ẹ̀rọ yóò sì ké. Ibi tí olówó pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi ti yàtọ̀ ni bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ ohun kan yàtọ̀ sí èkejì, àti bí ó ṣe ń gbọ́ ohùn ohun tí a ń wá láàárín ariwo ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nítorí ilẹ̀ pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ pupa bí ti Kétu ní èròjà irin nínú, ẹ̀rọ tí kò bá sì mọ bí a ti ń fojú fo ohùn yìí yóò máa ké lórí ilẹ̀ lásán. Garrett ACE 250, tí ọ̀pọ̀ ẹni tuntun fi bẹ̀rẹ̀, ṣeé gbé, ó sì rọrùn láti lò. Ṣùgbọ́n láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣètò rẹ̀ sí irú ilẹ̀ kan, ẹni tí ó rà á kò lè yí i padà. Minelab Vanquish 340 ń fi oríṣiríṣi ìró wá nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń bá ilẹ̀ mu fúnra rẹ̀. Nokta Simplex+, ìró kan ṣoṣo ni tirẹ̀, 12 kHz. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dì í mú lè bá a ṣètò ilẹ̀ tí ó dúró lé. Ó lè wọ omi dé mítà mẹ́ta. A sì lè gba iná sí i bí a ti ń gba iná sí fóònù, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré níbi tí iná kì í dúró.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ó mú ọkùnrin náà ronú jù. Gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ẹni tuntun ni pé kí ó di etí ẹ̀rọ sí irin. Bọ́tìnì wà fún un. Ìṣó àti pàtákò ẹṣin tí ó ti dípẹtà kún inú oko àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ̀rọ bá sì ń ké lórí gbogbo wọn, ẹni tí ń wá owó fàdákà yóò rẹ̀ kí ó tó rí ọ̀kan. Awakọ̀ àgbàlagbà náà sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: pàǹtírí ni irin. Ọmọ alágbẹ̀dẹ dákẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní pàǹtírí ni owú àti ẹ̀mú baba rẹ̀. Òun ni Ògún ilé rẹ̀. Bí ó bá tẹ bọ́tìnì yẹn ní Kétu, ẹ̀rọ yóò kọjá lórí ohun tí ó bá tìtorí rẹ̀ wá, kò sì ní wí nǹkan kan.

Nítorí náà ni ó ṣe mú èyí tí a lè ṣètò ilẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ń gbọ́ gbogbo irin dáadáa bí a bá ní kí ó gbọ́. Ó ra Simplex+ tí ẹnìkan ti lò, ní 170 pọ́n-ùn. Ó fi ìyókù ra ọkọ́ ọwọ́ kékeré, àti ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi tọ́ka ibi tí nǹkan wà nínú ihò tí a ti gbẹ́. Àgbàlagbà náà yìn ín. Ó rán an létí Terry Herbert, tí ó fi ẹ̀rọ àtijọ́ rí ìṣúra Staffordshire ní July 2009 nínú oko olóko tí ó gbà á láàyè, ìṣúra tí wọ́n dá iye rẹ̀ sí 3.285 mílíọ̀nù pọ́n-ùn.

Ó fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan kí ó tó tẹ oko rẹ̀, nítorí pé àìtọrọ àyè lè sọni di ọ̀daràn níbẹ̀. Òfin ọdún 1996 sì wí pé ẹni tí ó bá rí ìṣúra gbọ́dọ̀ fi tó aláṣẹ létí láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ìdérí agolo ni ó rí jù. Lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ri orí òòlù àti ẹ̀gbà idẹ mọ́lẹ̀, ó ń jìn wọ́n sí i díẹ̀díẹ̀, títí ó fi mọ bí ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń rẹlẹ̀ kí ó tó parẹ́. Ìyẹn kọ́ ọ ju ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá lọ.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn kù sí dẹ̀dẹ̀, ó tẹ olórí ilé láago.

"Bàbá, mo ti ra ẹ̀rọ tí yóò bá wa wá ìkòkò náà."

"O káre, ọmọ mi. Àwọn wo ni o bi kí o tó rà á?"

Kò rí èsì. Ó ti bi àgbẹ̀ òyìnbó léèrè kí ó tó tẹ oko rẹ̀. Kò bi ilé ara rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá. Ẹ bá mi bi wọ́n."

Àgbà náà pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà tó ààfin Alákétu létí, wọ́n sì fi tó ìjọba ìlú létí, nítorí pé orílẹ̀-èdè Benin ní òfin tí ń dáàbò bo ohun àjogúnbá. Èsì tí ó padà wá kò gùn: kí ó rìn, kí ó gbọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀.

Ní òwúrọ̀ tí ó gbé ẹ̀rọ náà jáde, gbogbo ilé ni ó wá wò ó, títí kan àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti kó búlọ́ọ̀kù jọ. Ó ṣètò ẹ̀rọ sí ilẹ̀ pupa náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní ẹ̀bá pèrègún, ẹ̀rọ ké. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sí iwájú, ó tún ké. Ibi gbogbo ni ó ń ké. Àgbà náà rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ ba, ó sì fi ìka tú òkúta dúdú wúwo kan jáde nínú eruku: ìdàrọ́ ni, ohun tí iná ń fi sílẹ̀ bí a bá ń ṣe irin. Ìran mélòó ni ó ti da ìdàrọ́ sí ilẹ̀ náà? Kò sí ẹ̀rọ, olówó pọ́ọ́kú tàbí olówó gọbọi, tí ó lè ya ohùn owú kan sọ́tọ̀ nínú gbogbo èyí.

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó ń gbèrò láti pa ẹ̀rọ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní kí ó máa rìn lọ kí àwọn mọ ibi tí yóò dákẹ́ sí. Ó rìn. Ní ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún sí pèrègún, níhà ọ̀nà, ariwo náà dópin, ilẹ̀ sì dákẹ́. Wọ́n kan èèkàn síbẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìhà, èèkàn mọ́kànlélógún, títí ààlà agbẹ̀dẹ àtijọ́ fi hàn sójú gbogbo wọn. Ó tóbi tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n mọ̀.

Kò sí ẹni tí ó bá àwọn ọ̀dọ́ náà wí. Àwọn fúnra wọn ni ó ka búlọ́ọ̀kù wọn, tí wọ́n sì sún ìpìlẹ̀ sí ìta ààlà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni ó gba ibẹ̀. Ọkùnrin náà gbà láti máa fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù dípò méjì tí ó dínkù, títí ọdún méjì yóò fi pé. Ìkòkò náà ṣì wà níbi tí baba rì í sí.

Kí ó tó padà, àgbà náà fi ìdàrọ́ òwúrọ̀ ọjọ́ náà lé e lọ́wọ́, pé kí ó fi máa dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Ó ṣì ń lọ sí oko àgbẹ̀ nì ní ọjọ́ Sátidé. Àgbàlagbà òyìnbó náà ń bi í léèrè ìdí tí kì í fi í di etí ẹ̀rọ rẹ̀ sí irin, bí ó ti ń gbẹ́ ìṣó jáde tó yẹn. Ó máa ń dá a lóhùn pé àwọn ará ilé òun kò gbà bẹ́ẹ̀.