Má Jẹ́ Kí Wọ́n Da Ọ́ìlì Tó Ki Sínú Celica Rẹ

Ọ̀wọ̀,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí fọ́tò ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ láti Ifọ̀n, mo sì wò ó títí. Celica 2001, pupa fòò, ilẹ̀kùn méjì, abẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Láti ilé ìwé lo ti ń sọ pé wàá ra ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ náà ti dé. Ẹ̀mí rẹ á lò ó o, ẹsẹ̀ rẹ ò ní fi ṣe àṣìgbé.

Ọ̀rọ̀ tí o kọ sábẹ́ fọ́tò náà ló gbé mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. O ní mẹkáníìkì yín ní kí o ra gálọ́ọ̀nù 20W-50 kan, pé spọ́ọ̀tì káà ni, pé ọ́ìlì tó ki nìkan ló lè gba eré rẹ̀. Jọ̀ọ́, ní kó dúró ná. Má tíì jẹ́ kó tú nọ́ọ̀tì kankan.

Àkọ́kọ́ ná, ẹ jẹ́ ká mọ ẹ́ńjìnì tó wà níbẹ̀. Oríṣi méjì ni Celica tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ní àkókò yẹn. GT-S ni èyí tí Toyota àti Yamaha jọ ṣe ẹ́ńjìnì rẹ̀, 2ZZ ni wọ́n ń pè é. GT ní tirẹ̀ ń lo 1ZZ, lítà 1.8, ìyẹn ẹ́ńjìnì inú Corolla tí ìdajì Ọ̀wọ̀ ń gùn. Bí jíà ọkọ̀ bá jẹ́ ti ọwọ́, GT-S ní mẹ́fà, GT ní márùn-ún. Mo fẹ fọ́tò kejì tóbi, mo ka nọ́ńbà orí jíà rẹ: márùn-ún ni. GT lo rà. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, torí kò sí ohun tí o máa wá fún un tí o ò ní rí lọ́jà níbí. 5W-30 ni ìwé ọkọ̀ náà ní kí a dà sí i, lítà 3.7 tí a bá pààrọ̀ fílítà mọ́ ọn.

Mo mọ ohun tí mẹkáníìkì yín rò, n kò sì bú u. Ìdí Peugeot 504 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá wa ti kọ́ṣẹ́, èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà náà, ọ́ìlì tó ki sì bá a lára mu. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara gálọ́ọ̀nù ní ìtumọ̀. Èyí tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù. Èyí tó tẹ̀lé e ń sọ bó ṣe ki sí nígbà tó gbóná dé 100 dígírì. Ní ìwọ̀n 100 dígírì yẹn, kíki ọ́ìlì 30, ní ìwọ̀n cSt, gbọ́dọ̀ wà láàárín 9.3 àti 12.5. Ti 50 bẹ̀rẹ̀ láti 16.3, ó lè dé 21.9. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ki tó ìlọ́po méjì! Ẹ sì máa ń sọ pé oòrùn ilẹ̀ wa ló fà á tí a fi nílò èyí tó ki. Tẹ́mósítáàtì ló ń ṣọ́ ooru inú ẹ́ńjìnì, kì í ṣí títí omi fi máa gbóná tó nǹkan bí 80 dígírì, ì báà jẹ́ ní Jámánì, ì báà jẹ́ ní Ifọ̀n.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí: ọ́ìlì inú ọkọ̀ yìí ń ṣe ju kó máa fi òróró sí irin lára lọ. O rí VVT-i tí wọ́n kọ sórí ẹ́ńjìnì rẹ? Agbára ọ́ìlì ló ń yí káámù síwá sẹ́yìn níbẹ̀, ó sì ń gba inú asẹ́ kékeré kan kọjá, asẹ́ tí ihò rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti asẹ́ ògì. Bí ọ́ìlì bá ki jù, káámù á máa fà. Bó bá dọ̀tí, asẹ́ á dí, iná ẹ́ńjìnì á tàn, wọ́n á sì ní kí o lọ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí kò bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú tún wà níbẹ̀. Ṣé o rántí Corolla mi? Mo ra ọ́ìlì lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́dún kan, mi ò yẹ síìlì wò, mo kàn sanwó. Kò pé oṣù kan tó fi dúdú bí ọ̀dà, tó ń ṣàn bíi kẹrosíìnì, ẹ́ńjìnì ń pariwo ṣáṣáṣá tí mo bá ṣíná sí i ní àárọ̀. Owó tí mo fi tún un ṣe lè ra ọ́ìlì ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mò ń ra ọ́ìlì mi, mo máa ń wo síìlì, mo sì máa ń wo lẹ́tà API tó wà lẹ́yìn gálọ́ọ̀nù, èyí tó ń sọ ipele ọ́ìlì náà. SN dára, SP dára, ọdún 2020 ni ìyẹn jáde. SF tí wọ́n ṣì ń tà káàkiri, ẹ́ńjìnì ọdún 1988 àtèyí tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Tí mo bá da ọ́ìlì tán, mo máa ń fi ọ̀bẹ la gálọ́ọ̀nù náà kí ẹnikẹ́ni má lè rọ nǹkan mìíràn sínú rẹ̀ tà.

Lọ́jọ́ tí a bá ṣe é, inú kòtò ni ká ti ṣe é, torí jáàkì ńlá ò ní wọ abẹ́ ọkọ̀ tó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Pákó méjì láti ibùdó ìlagi ni taya á fi gun etí kòtò náà láìha bọ́ńpà. Kí ẹ́ńjìnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ká tó tú ọ́ìlì. Ká rí i pé rọ́bà fílítà àtijọ́ ò lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, torí tí rọ́bà bá di méjì, gbogbo ọ́ìlì lè dà nù lójú ọ̀nà. Ká fi ọ́ìlì díẹ̀ ra rọ́bà tuntun, ká fi ọwọ́ de fílítà náà. Gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà gba lítà mẹ́rin. Àwọn mẹkáníìkì kì í ṣẹ́ ẹ kù, wọ́n á dà á tán. Tìrẹ ò gbà tó bẹ́ẹ̀, gééjì ni ká máa wò. Ọ́ìlì àlòkù, má jẹ́ kí wọ́n dà á sí gọ́tà, inú kànga àwọn ará àdúgbò ló máa bọ́ sí. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń wá a láti fi lé ikán.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn 1ZZ tí wọ́n ṣe títí di nǹkan bí 2002, ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìn wọn kéré, nítorí náà púpọ̀ nínú wọn ń jẹ ọ́ìlì. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń da èyí tó ki sí i, kí èéfín má bàa hàn. Máa yọ gééjì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá ń dín, a óò sọ̀rọ̀ písítìn àti ríìǹgì. Lẹ́yìn náà, máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo 5,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé.

O ní o máa wá wo ọdún Ìgogo níbí lọ́dún yìí. Má dúró dìgbà yẹn, jọ̀ọ́. Máa bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, rọra wa ọkọ̀, má sì da ohunkóhun sínú ẹ́ńjìnì náà ṣáájú. Mo ti ra 5W-30 gálọ́ọ̀nù kan àti fílítà sílẹ̀ dè ọ́. Abẹ́ ibùsùn mi ni wọ́n wà, síìlì ṣì wà lórí gálọ́ọ̀nù náà.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ l'Ọ̀wọ̀